Òdodo àti Irọ́ Inú Gbólóhùn Ìṣirò: Àgbéyẹ̀wò

Èrò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni pé ìṣirò kò ju kí olùkọ́ béèrè iye, kí ọmọ sì dáhùn iye lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí ọmọ kékeré ń kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ní Ìbẹ̀fun ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú ọmọ aláre, níbi tí owó àti òwò ti jẹ́ ẹ̀kọ́ kí ilé-ìwé tó dé, a ó rí i pé ẹ̀rí ni ọmọ náà ń jẹ́. Nígbà tí ó bá kọ 7 + 5 = 12, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan kan rí báyìí; ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ òdodo, ó sì lè jẹ́ irọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ òǹkà ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ohun tí í sọ gbólóhùn ìṣirò di òdodo àti ohun tí í sọ ọ́ di irọ́, irú èyí tí a kò gbọdọ̀ tíì dá lẹ́jọ́, ohun tí òǹkà ilẹ̀ wa ní í wí sí ọ̀ràn náà, àti bí àwọn ilé-ìwé wa ṣe ti ń kọ́ ọ láti ìgbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí di òní. Ìdí tí mo fi dáwọ́ lé e kò fara sin. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé iṣẹ́ ìdájọ́ ni ìṣirò kí ó tó di iṣẹ́ wíwá ìdáhùn, àti pé ọmọ tí a kò kọ́ ní ìdájọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ mọ ìsọdipúpọ̀ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tíì mọ ohun tí ó ń kà.

Ohun tí à ń pè ní gbólóhùn ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú. Bí ènìyàn bá wí pé “Awùjalẹ̀”, tí ó sì dákẹ́, orúkọ oyè ni ó dá, kò tíì sọ ohun tí a lè bá a jiyàn lé lórí. Bí ó bá wí pé “Awùjalẹ̀ ni oyè ọba Ìjẹ̀bú-Òde”, òdodo ni ó sọ; bí ó bá sì wí pé “Aláàfin ni oyè ọba Ìjẹ̀bú-Òde”, irọ́ ni ó pa, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ó pé pérépéré ni ó fi pa á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ iye rí. Orúkọ lásán ni 5 + 3, kò sí òdodo tàbí irọ́ nínú rẹ̀. Gbólóhùn òdodo ni 5 + 3 = 8; gbólóhùn irọ́ ni 5 + 3 = 9; 5 + = 3 kì í sì í ṣe gbólóhùn rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gbà á, kò sì sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Olùkọ́ tí ó bá fi àmì àṣìṣe kan náà kọjú sí méjì tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí, tí kò sì sọ nǹkan kan mọ́, kò jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìdájọ́ ni ó kùnà níbi ọ̀kan, ìkọ̀wé ni ó sì kùnà níbi èkejì.

Àmì ìdọ́gba nìkan kọ́ ni ó lè so orúkọ iye méjì pọ̀ di gbólóhùn. Àmì > ń sọ pé ti òsì ju ti ọ̀tún lọ, àmì < ń sọ pé ti òsì kéré sí ti ọ̀tún, àmì ≠ sì ń sọ pé àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Nítorí náà òdodo ni 5 + 3 > 7, irọ́ ni 5 + 3 < 2, òdodo sì ni 5 + 3 ≠ 9. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn, nítorí inú irọ́ ni a ti fa òdodo yọ: ẹni tí ó bá sẹ́ irọ́, òdodo ni ó sọ, ẹni tí ó bá sì sẹ́ òdodo, irọ́ ni ó pa, kò sì sí ibùjókòó kẹta láàárín àwọn méjèèjì.

Àwọn àmì wọ̀nyí kò ti ọ̀run bọ́. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó kọ́kọ́ tẹ àmì ìdọ́gba sínú ìwé ní 1557. Ìlà méjì tí ó gùn bákan náà ni ó fà, nítorí ó ní kò sí ohun méjì tí ó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Inú ìwé Thomas Harriot, tí a tẹ̀ jáde ní 1631 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a sì ti kọ́kọ́ rí < àti >. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ gidi ni àwọn oníṣirò ilẹ̀ Yúróòpù fi ń kọ ohun tí à ń fi àmì kọ lónìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ń fi ẹnu wọn sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé èyí tó èyí, tàbí pé èyí ju èyí lọ.

Ohun tí àmì ìdọ́gba ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti òṣùwọ̀n ọlọ́pọ́n méjì: kò bìkítà fún irú ẹrù tí ó wà lọ́tùn-ún tàbí lósì, bí wọ́n bá ṣáà ti wọ̀n bákan náà. Nítorí náà kò sí ohun tí ó burú nínú kí a kọ 8 = 5 + 3, tàbí 10 − 2 = 16 ÷ 2, tàbí 8 = 8 pàápàá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Orúkọ tí iye kan ń jẹ́ kò sì níye, gbogbo gbólóhùn tí ó bá fi méjì nínú irú àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ kọjú sí ara wọn ni òdodo.

Òǹkà tí a jogún bá

Àwọn baba ńlá wa kò fi irú ìdájọ́ yìí sí ẹ̀yìn òǹkà. Inú òǹkà gan-an ni wọ́n fi í sí. Ẹni tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti wí pé a mú 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a mú 10 kúrò lára rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Kí ẹnu tó pe iye kan ṣoṣo yìí, gbólóhùn kan ti ní láti jẹ́ òdodo, èyíinì ni (3 × 20) − 10 − 5 = 45. Bí a bá gòkè dé 525, tí í ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, gbólóhùn tí a gbé rù tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: 600 − 100 + 30 − 5 = 525. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, àwọn àwòrò Agẹmọ tí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀, tí wọ́n ń pé jọ sí Ìmọ̀sàn lọ́dọọdún, 20 − 4 = 16 ni a fi ń kà wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì rí pátákó ìkọ̀wé rí sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìyọkúrò náà.

Ní 1887 ni Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tí ó ti gbé láàárín àwọn Yorùbá, kọ̀wé lórí òǹkà wa yìí fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi yé wọn pé ìdí owó ẹyọ ni òǹkà náà ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀. A ó da owó sílẹ̀, a ó máa fi márùn-ún márùn-ún fà á. Márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Nígbà tí a bá sì sín in, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Àwọn gbólóhùn tí oníṣòwò ayé ìgbà náà ń dá lẹ́jọ́ kí ó tó gbé ọ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ni 40 × 50 = 2,000 àti 2,000 × 10 = 20,000; bí okùn kan bá dín, gbólóhùn náà di irọ́, ẹni tí ó gba owó sì mọ̀ ọ́n lára.

Kò yẹ, nígbà náà, kí a máa wí fún ọmọ wa pé àjèjì ni irú ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tí ó jẹ́ àjèjì ni àwọn àmì. Ìdájọ́ náà ti wà nílé.

A gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń kà

Mímọ àmì nìkan kò tó láti dá gbólóhùn lẹ́jọ́; a ní láti mọ ohun tí a ń kà àti ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ wo ọjà ọrọọrún, tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ tí òwò ilẹ̀ Yorùbá fi dúró. Ọjọ́ ọjà òní ni oókan, ọ̀la ni eéjì, ọ̀túnla ni ẹẹ́ta, ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ẹẹ́rin, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ karùn-ún, ọjà tún pé. Àlejò tí ó bá bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti ọ̀la yóò rí mẹ́rin, yóò sì máa wí pé àwọn baba wa ṣì í kà. Òun kò purọ́, àwọn baba wa kò sì purọ́: 1 + 4 = 5, ọjọ́ tí a dúró sí jẹ́ ọ̀kan, ìgbésẹ̀ tí a gbé síwájú sì jẹ́ mẹ́rin. Ìlànà kan náà ni ó gbé ọjà ìsán ró, 1 + (2 × 4) = 9, òun ni ó gbé ìtàdógún ró, 1 + (4 × 4) = 17, tí òǹkà wa sì tún ń pè ní 20 − 3; òun náà ni ó sì mú kí á máa wí pé òní ọjọ́ mẹ́jọ nígbà tí à ń sọ nípa ọ̀sẹ̀ kan, nítorí 1 + 7 = 8.

Ibi tí irọ́ ti ń wọlé ni ibi tí ènìyàn bá ti mú ìlànà òǹkà kan dá òmíràn lẹ́jọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí ó wà láti ọjà òní títí dé ọjà kẹwàá tí yóò tẹ̀ lé e, tí ó sì wí pé 10 × 5 = 50, ó ti sọ òdodo nípa 10 àti 5, ṣùgbọ́n ó ti pa irọ́ nípa ọjà, nítorí 1 + (10 × 4) = 41 ni ọjọ́ náà jẹ́, bí a bá ka òní mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti inú irú èyí jáde, tí ẹnu àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹnu òdodo.

Ọ̀ràn àjọ tún fi èyí hàn ní gbangba. Ká ní ìyá aláta kan ń dá igba náírà lójúmọ́, tí oṣù sì pé ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí alájọ bá kó owó dé, ìyá náà lè wí pé, “Ẹgbàáta ni mo dá o, Bàbá Alájọ,” kí alájọ sì dá a lóhùn pé, “Òótọ́ ni, Ìyá wa, ẹgbàáta ni ẹ dá, ẹgbàáta ó dín igba ni ẹ ó gbà, owó ọjọ́ kan ni ti iṣẹ́ mi.” Gbólóhùn ti ìyá ni 30 × 200 = 6,000, gbólóhùn ti alájọ sì ni (30 − 1) × 200 = 5,800; òdodo ni méjèèjì, nítorí ọ̀kan ń sọ nípa owó tí ó jáde, èkejì ń sọ nípa owó tí yóò wọlé. Ohun tí ó jẹ́ irọ́ ni kí ẹnì kan kọ 6,000 = 5,800, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú ẹni tí kò mọ ìlànà àjọ sì sábà máa ń jókòó lé irọ́ yẹn gan-an.

Ti owó àti ìwọ̀n kò yàtọ̀. Irọ́ ni 12 = 1, ṣùgbọ́n ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òdodo ni pé pẹ́nì 12 = ṣílè 1, àti pé ṣílè 20 = pọ́n-ùn 1. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, àwọn gbólóhùn tí àgbàlagbà ti mọ̀ sórí láti kékeré sì kúrò lẹ́nu ọjà lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé iye kankan yí ìwà rẹ̀ padà. Ìlànà tí ó wà láàárín àwọn àmì pẹ̀lú ní agbára tirẹ̀: nítorí pé ìsọdipúpọ̀ ni ó ń ṣáájú àròpọ̀, òdodo ni 2 + 3 × 4 = 14, irọ́ sì ni 2 + 3 × 4 = 20; ẹni tí ó bá fẹ́ 20 ní láti fi àkámọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ (2 + 3) × 4.

Gbólóhùn tí ó ṣí sílẹ̀

Oríṣi kẹta ni èyí tí kò tíì sí lábẹ́ ìdájọ́. Bí a bá kọ □ + 4 = 9, kò sí òdodo níbẹ̀, kò sì sí irọ́, nítorí ẹ̀rí kò tíì pé; bí a bá fi 5 sínú àpótí náà, ó di òdodo, bí a bá fi iye mìíràn sí i, ó di irọ́. Nígbà tí ọmọ bá gòkè dé ilé-ìwé girama, lẹ́tà ni yóò rọ́pò àpótí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yí padà, nítorí ohun tí à ń pè ní yíyanjú ìṣirò kò ju wíwá gbogbo iye tí ó lè sọ gbólóhùn náà di òdodo lọ.

Oríṣiríṣi sì ni ìwà àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Nínú àwọn iye tí a fi ń ka nǹkan, 1, 2 àti 3 nìkan ni wọ́n sọ □ < 4 di òdodo. Kò sí iye tí ó lè sọ □ + 1 = □ di òdodo láéláé. Kò sì sí iye tí ó lè sọ □ + 3 = 3 + □ di irọ́, bí a bá ṣáà ti fi iye kan náà sínú àpótí méjèèjì, nítorí òfin gbogbo àròpọ̀ ni ó ń sọ. Ní ti □ + 9 = 4, ọmọ tí ó mọ kìkì iye tí a fi ń ka nǹkan yóò ní kò sí ìdáhùn, òdodo ni yóò sì sọ; àgbà tí ó mọ gbèsè yóò ní −5 ni, òdodo ni òun náà sọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ irú iye tí ó gbà láyè kí ó tó bi ọmọ léèrè.

Èyí tí ó gba sùúrù jù ni gbólóhùn tí ń ṣèlérí fún gbogbo iye lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1772 ni Leonhard Euler kíyè sí i pé bí a bá mú iye kan, tí a sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a fi iye náà gan-an kún un, tí a sì tún fi 41 lé e, iye tí a óò rí sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ṣe é pín dọ́gba fún iye mìíràn àfi 1 àti ara rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 0: 41 ni, fi 1 sí i: 43, fi 2 sí i: 47, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé títí dé 39, láìkùnà nígbà kankan. Ta ni kò ní í búra, lẹ́yìn ogójì ẹ̀rí, pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí ayé? Ṣùgbọ́n fi 40 sí i, ìwọ yóò rí 1,600 + 40 + 41 = 1,681, èyí tí kò ju 41 × 41 lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ìṣirò, àpẹẹrẹ rere ogójì kò lè sọ ìlérí fún gbogbo iye di òdodo, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di irọ́.

A tún rí èyí tí ìdájọ́ rẹ̀ kò tíì jáde. Ní 1742 ni Christian Goldbach kọ lẹ́tà sí Euler kan náà nípa ohun tí a wá mọ̀ sí pé gbogbo iye tí ó ṣe é pín sí méjì, tí ó sì ju 2 lọ, jẹ́ àpapọ̀ iye méjì tí kò ṣe é pín: 8 = 3 + 5, 20 = 7 + 13. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo iye, kò sì sí ẹni tí ó rí èyí tí ó tàpá sí i. Síbẹ̀ òdodo ni tàbí irọ́ ni. Àìmọ̀ wa kò sọ ọ́ di ohun kẹta.

Bí ó ṣe dé ilé-ìwé wa

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú ètò tí Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí í ṣe mínísítà ẹ̀kọ́, ti gbé síwájú ilé aṣòfin ní 1952, ìṣirò tí àwọn ọmọ bá ní kíláàsì ni àròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì. Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò ni, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ di akọ̀wé àti oníṣòwò; ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè níbẹ̀ bóyá ohun tí a kọ jẹ́ òdodo, bí kò ṣe pé mélòó ni ó jẹ́.

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní 1962, nígbà tí àwọn oníṣirò láti Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péjọ sí Entebbe ní Ùgáńdà láti kọ ìwé ìṣirò tuntun fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọ̀mọ̀wé Grace Alele-Williams, obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó sì di gíwá Yunifásítì ìlú Benin ní 1985, wà lára àwọn tí wọ́n gbé ètò náà wọ ilé-ìwé ní Èkó. Nínú ìṣirò tuntun yìí ni gbólóhùn òdodo, gbólóhùn irọ́ àti gbólóhùn tí ó ṣí sílẹ̀ ti di ẹ̀kọ́ tí a dárúkọ ní kíláàsì. Ó ṣe ni láàánú pé ètò náà sáré ju àwọn tí yóò kọ́ ọ lọ: olùkọ́ tí a kò múra sílẹ̀ fún un ń kọ́ àmì tí kò yé òun fúnra rẹ̀, òbí kò sì lè ran ọmọ lọ́wọ́ nílé. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìṣirò tuntun ní ilé-ìwé wa. Síbẹ̀, gbólóhùn tí ó ṣí sílẹ̀ kò bá a lọ. Ó ṣì wà nínú ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpótí tí a ń fi iye dí ni ọ̀pọ̀ rò pé ó jẹ́, láìsí ìdájọ́ nínú.

Ọ̀rọ̀ èdè kò ṣe é yọ sílẹ̀ níhìn-ín. Ní oṣù Kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen’s ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, ìṣirò pẹ̀lú, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ dáadáa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òdodo yóò mọ ìdí rẹ̀: a kò lè dá ọ̀rọ̀ tí kò yé wa lẹ́jọ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé àṣẹ náà. Yálà àṣẹ wà tàbí kò sí, olùkọ́ Ìjẹ̀bú tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní àwáwí láti má ṣe bi ọmọ léèrè ní èdè rẹ̀ pé, “Òótọ́ ni àbí irọ́? Kí ló dé?”

Àṣìṣe méjì tí ó wọ́pọ̀

Ní 1999, Karen Falkner, Linda Levi àti Thomas Carpenter kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa ìbéèrè kékeré kan tí a bi àwọn ọmọ ilé-ìwé: 8 + 4 = □ + 5. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ni 12 tàbí 17. Àwọn tí ó sọ 12 rò pé àmì ìdọ́gba ń pàṣẹ pé “mú ìdáhùn wá”. Àwọn tí ó sọ 17 sì ro gbogbo ohun tí ojú wọ́n rí pọ̀. Bí a bá fi 12 sí i, ohun tí a sọ ni pé 12 = 17; bí a bá fi 17 sí i, a sọ pé 12 = 22. 7 nìkan ni ó sọ ọ́ di òdodo. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ àròpọ̀ dáadáa. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé gbólóhùn ni wọ́n ń kà.

Èkejì wà nínú ìwé àwọn ọmọ tiwa lójoojúmọ́. A ní kí ọmọ ro 3 àti 4 pọ̀, kí ó sì sọ àpapọ̀ wọn di ìlọ́po méjì; ó kọ ọ́ báyìí: 3 + 4 = 7 × 2 = 14. Olùkọ́ wo 14, ó rí i pé ó pé, ó fi àmì rere sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà fọwọ́ sí ni pé 3 + 4 dọ́gba pẹ̀lú 7 × 2, èyíinì ni pé 7 = 14, irọ́ gbáà. Ìlà méjì ni ó tún un ṣe: 3 + 4 = 7; 7 × 2 = 14. Kékeré ni àtúnṣe náà lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá jẹ́ kí ó máa dé ibi ìdáhùn nípa irọ́ fún ọdún mẹ́fà, lẹ́tà inú ìṣirò ilé-ìwé girama ni yóò dá a dúró, nítorí níbẹ̀ kò sí ìlà kan tí kò gbọdọ̀ jẹ́ òdodo.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Àbá mi fún àwọn olùkọ́ Ìbẹ̀fun àti ti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ná wa ní owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò, kí olùkọ́ kọ gbólóhùn bíi mélòó kan sójú pátákó, òdodo àti irọ́ papọ̀, kí ó máa gbé ìdáhùn sí òsì nígbà mìíràn, kí ó sì máa fi iṣẹ́ sí ìhà méjèèjì: 9 = 4 + 5, 6 + 2 = 3 + 5, 7 + 1 = 8 + 1. Kí àwọn ọmọ dá wọn lẹ́jọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí. Èyí tí ó bá jẹ́ irọ́, kí wọ́n wá ọ̀nà méjì láti tún un ṣe, yálà nípa yíyí iye kan padà tàbí nípa yíyí àmì padà, fún àpẹẹrẹ, 7 + 1 < 8 + 1. Kí a sì jẹ́ kí wọ́n mú ọjọ́ ọjà, àjọ àwọn ìyá wọn àti orúkọ iye ní Yorùbá wá sí kíláàsì, kí wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ ní gbólóhùn, kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò.

Kò sí iṣẹ́ ọjọ́ iwájú tí kò ní í béèrè irú ìdájọ́ yìí lọ́wọ́ wọn. Láti 1854 tí George Boole ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde, níbi tí ó ti fi 1 àti 0 ṣe ìṣirò lórí ọ̀rọ̀ tí ó lè jẹ́ òdodo tàbí irọ́, ni ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí kò mọ ju kí ó béèrè lọ́wọ́ gbólóhùn bóyá òdodo ni tàbí irọ́, kí ó sì gba ọ̀nà kan lọ. Ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ọmọ tí yóò di akápò regbẹ́regbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, tí yóò sì ka ìṣirò owó lójú ẹgbẹ́, ọmọ tí yóò wo ìwé gbèsè kí ó tó fọwọ́ sí i, ìdájọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò lò.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ṣùgbọ́n inú ìṣirò jẹ́ ibi tí ọmọ tálákà lè dìde níwájú olùkọ́, níwájú ọlọ́rọ̀ àti níwájú ìwé tí a tẹ̀ ní òkèèrè, kí ó wí pé “irọ́ ni èyí”, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn débi tí kò ní í sí ẹni tí yóò lè já a nírọ́. Agbára yìí ni ó yẹ kí a fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ láti kíláàsì kìíní.